Gọ́tà, Nọ́ńbà Ilé àti Orúkọ Ayálégbé: Iṣẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Kí Àjálù Tó Dé

Àkòrí tí ẹ gbé lé mi lọ́wọ́ ni bí ìjọba ìbílẹ̀ ṣe lè mú kí àwọn ìlú ńlá wa fara da àjálù. Àkòrí náà gbòòrò débi pé a lè fi ọjọ́ mẹ́ta sọ ọ́ kó má tán. Nítorí náà mo ti dín in kù sí ìbéèrè kan: nínú ìpele ìjọba mẹ́ta tí Nàìjíríà ní, iṣẹ́ ojoojúmọ́ ti èwo ló ń pinnu bóyá òjò ńlá yóò pa ènìyàn tàbí yóò kàn fi ẹrẹ̀ sílẹ̀ fún wa láti gbá?

Ìdáhùn tí mo mú wá ni pé ti ìjọba ìbílẹ̀ ni. N kò sọ̀rọ̀ nípa ìrẹsì àti mátíráàsì tí à ń pín fún àwọn tí omi lé jáde nílé. Kò burú kí káńsù ṣe ìyẹn, àmọ́ nígbà tí a bá ń pín ìrẹsì, ohun tó bàjẹ́ ti bàjẹ́. Iṣẹ́ tí mò ń sọ ni èyí tí à ń ṣe nínú ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí kámẹ́rà kankan kò sí níbẹ̀: gọ́tà tí a kó, ilé tí a fún ní nọ́ńbà, ìwé àṣẹ ìkọ́lé tí a kọ̀ láti fọwọ́ sí, orúkọ ayálégbé tí a kọ sílẹ̀. Ìbàdàn ni n ó fi ṣe ẹ̀rí jù lọ, torí pé ìtàn òun àti omíyalé gùn, ó sì wà nínú àkọsílẹ̀. N ó yà sí ilẹ̀ òkèèrè lẹ́ẹ̀mejì, níbi tí ẹ̀rí tiwa kò bá ti tó.

1. Ohun tí à ń pè ní àjálù

Ewu yàtọ̀ sí àjálù. Òjò tó rọ̀ fún wákàtí mẹ́rin láìdá jẹ́ ewu. Bí irú òjò bẹ́ẹ̀ bá rọ̀ sínú igbó tí ẹnikẹ́ni kò gbé, kò sí ìwé ìròyìn tí yóò pè é ní àjálù. Kí ewu tó di àjálù, nǹkan mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ pàdé: ewu fúnra rẹ̀, ènìyàn àti dúkìá tó wà lójú ọ̀nà rẹ̀, àti àìlágbára àwọn ènìyàn náà láti yẹra tàbí láti dìde lẹ́yìn tó bá kọjá. Ìjọba kankan kò ní àṣẹ lórí èyí àkọ́kọ́. Èkejì àti ẹ̀kẹta ni àwa ń fi ọwọ́ ara wa ṣe, a sì ń ṣe é díẹ̀díẹ̀: ilé kan létí odò lọ́dún yìí, ìsọ̀ kan lórí gọ́tà lọ́dún tó ń bọ̀, ààtàn kan lẹ́nu afárá lọ́dún kẹta. Nígbà tí òjò ńlá bá wá dé lọ́dún kẹẹ̀ẹ́dógún, a ó ní òjò ló pa wọ́n.

Àwọn àgbà ní òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Lójú ọ̀nà oko, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Nínú ìgboro, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Ẹni tí eji yóò rí nínú ìgboro, a ti yàn án sílẹ̀ kí eji tó ṣú, nítorí pé a mọ ibi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, a mọ ibi tí omi ń gbà, a sì mọ iye tí yàrá kan ń pa lóṣù níbẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó fún yàrá ní orí òkè ló ń gba yàrá ní ìsàlẹ̀. Òjò kò mọ ẹni tó ń pa, ìlú ló mọ̀ ọ́n.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ìlú kan lè fara da àjálù? Kì í ṣe pé omi kò ní wọ̀ ọ́ mọ́. Omi yóò wọ̀ ọ́. Èmi a máa wo nǹkan mẹ́ta. Èkíní, ènìyàn mélòó ló kú? Èkejì, ọjọ́ mélòó ni ọjà, ilé ìwé àti ilé ìwòsàn fi wà ní títì? Ẹ̀kẹta, nígbà tí irú òjò kan náà bá padà wá, ṣé irú ènìyàn kan náà ló tún bá ní irú ibi kan náà? Ìdánwò ẹ̀kẹta yìí ni a kì í sábà ṣe, bẹ́ẹ̀ òun ló le jù, nítorí òun ló ń fi hàn bóyá ìlú kan kọ́ ohunkóhun. Ẹ jẹ́ kí a fi í wo Ìbàdàn.

2. Ìbàdàn lẹ́ẹ̀mejì

Ọjọ́ Àìkú, 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún bo ìlú. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí Ògùnpa yóò ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti ṣe é ní 1978, ó sì ti ṣe é ṣáájú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ti 1980 kọjá gbogbo èyí tí ẹnikẹ́ni rántí. Ó ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ tó kú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló sì di aláìnílé. Bọ́lá Ìgè ni gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nígbà náà, Shehu Shagari sì ni ààrẹ. Ohun tí ìjọba ṣe lẹ́yìn rẹ̀ bọ́gbọ́n mu: wọ́n pinnu láti fẹ ojú odò náà kí wọ́n sì fi kọnkéré dè é. Iṣẹ́ ńlá ni, ó gba ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì bọ́ lọ́wọ́ ìjọba kan sí òmíràn kó tó rí bó ṣe rí lónìí.

Ọjọ́ Ẹtì, 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà, òjò tó lé ní mìlímítà 180 rọ̀ lé Ìbàdàn lórí láàárín nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin. Omi kún kọjá etí adágún Ẹlẹ́yẹlé, tí wọ́n ti kọ́ láti 1942. Afárá wó lóríṣiríṣi ibi, débi pé àdúgbò mìíràn kò rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ èkejì. Omi ba oko ẹja àti ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn jẹ́. Lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ tó kú.

Ibi tí mo fẹ́ kí a dúró sí nìyí. Ní 1980, Ògùnpa ni gbogbo ìlú ń sunkún sí. Ní 2011, àwọn orúkọ tó gba ẹnu àwọn oníròyìn ni Àpẹ̀tẹ̀, Ajíbọ́dẹ, Odò-Ọ̀nà àti agbègbè Ẹlẹ́yẹlé. Púpọ̀ nínú àwọn ibi wọ̀nyí jẹ́ oko tàbí abúlé nígbà tí Ògùnpa ń gbé ènìyàn lọ. Èyí túmọ̀ sí pé a ná owó ńlá sórí odò kan, a sì jẹ́ kí ìlú lọ kọ́ ara rẹ̀ sí ẹ̀bá àwọn odò yòókù. Kò sí ẹni tó jókòó tó ní kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ilé kọ̀ọ̀kan ní onílẹ̀ tó tà á, ní akọ̀wé tó kọ rìsíìtì, ní bíríkìlà tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ní gbangba ojú ọ̀sán. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ ni ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa rìn ní etí odò, kó máa wo ohun tó ń hù níbẹ̀, kó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn 2011, ìjọba ìpínlẹ̀ yá owó lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé, 200 mílíọ̀nù dọ́là tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2014, láti tún adágún Ẹlẹ́yẹlé àti àwọn afárá ṣe, láti ṣètò bí omi yóò ṣe máa gba inú ìlú kọjá, àti láti gbé ètò ìkìlọ̀ kalẹ̀. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí owó náà, ó tọ́ sí Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àkànṣe a máa ní ọjọ́ ìparí, àwọn ẹnjiníà a kó ẹrù wọn, a sì pa ọ́fíìsì wọn dé. Ta ni odò kù sí lọ́wọ́ ní ọjọ́ kejì?

3. Ohun tí òfin ti fún káńsù

Ìdáhùn wà nínú Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1999, mo sì rò pé ọ̀pọ̀ alága káńsù kò kà á gẹ́gẹ́ bí òfin tó jẹ mọ́ àjálù. Àtẹ Kẹrin òfin náà to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: kíkọ́ àti títọ́jú òpópónà, iná ojú pópó àti gọ́tà, ìtọ́jú ọjà, ibùdókọ̀ àti ibi ìpẹran, kíkó ìdọ̀tí, sísọ òpópónà lórúkọ àti fífún ilé ní nọ́ńbà, kíkọ orúkọ ọmọ tuntun, òkú àti ìgbéyàwó sílẹ̀, dídíye lé ilé àwọn ènìyàn kí a lè gba owó orí ilé. Kò sí èyí tó gbayì nínú wọn. Kò sí olóṣèlú tó gbé orin jáde nígbà ìbò nítorí nọ́ńbà ilé. Síbẹ̀, ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ti kó ènìyàn jáde nínú omi lóru pé kí ni ohun àkọ́kọ́ tí òun nílò, yóò sọ fún yín pé òun fẹ́ mọ ilé wo ni, ojúlé mélòó ló wà níbẹ̀, ènìyàn mélòó ló sùn síbẹ̀, àti bóyá arúgbó tàbí aláìsàn kan wà nínú wọn tí kò lè rìn.

Níbi tí ilé kò ti ní nọ́ńbà, adóòlà ẹ̀mí yóò máa béèrè pé, “Ilé bàbá onígèlè dà?” Ní ọ̀sán, èyí lè ṣiṣẹ́. Lóru ọjọ́ òjò, tí iná kò sí, tí bàbá onígèlè fúnra rẹ̀ ti sá lọ, kò lè ṣiṣẹ́. Owó orí ilé náà ńkọ́? Gbogbo wa kórìíra rẹ̀. Ṣùgbọ́n káńsù tó bá ń gbà á dáadáa ti ní ìwé kan níwájú rẹ̀ tí gbogbo ilé àdúgbò wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ onílé àti irú ilé tó jẹ́. Káńsù tí kò gbà á kò mọ ohun tó wà ní ilẹ̀ tó ń ṣàkóso. Ohun tí ènìyàn kò mọ̀ pé ó wà, kò lè dáàbò bò ó.

Kì í ṣe omi nìkan ni mò ń sọ. Ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 2024, ìbúgbàmù kan ṣẹlẹ̀ ní Bódìjà, ní ìgboro Ìbàdàn. Ẹ̀mí sọnù, ọ̀pọ̀ ènìyàn fara pa, ilé rẹpẹtẹ wó tàbí là. Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ pé ìwádìí àkọ́kọ́ fi hàn pé àwọn awakùsà tí kò gba àṣẹ ló kó ohun abúgbàmù pamọ́ sínú ilé kan níbẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé Bódìjà kì í ṣe àdúgbò tó hù bí olú. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ló ṣètò rẹ̀, ó ní òpópónà, ó ní gọ́tà, ó ní nọ́ńbà. Ohun tí kò ní ni ẹni tó ń wọlé láti béèrè ohun tí ẹ kó pamọ́ síbẹ̀.

A ti ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí. Wolé-wolé là ń pè é. Ó máa ń wọ agboolé, a yẹ ìkòkò omi wò bóyá tanwíjí wà nínú rẹ̀, a yẹ ṣáláńgá wò, a ní kí wọ́n ro ẹ̀yìnkùlé, a sì kọ orúkọ ẹni tó bá ṣorí kunkun. Àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù rẹ̀. Àwọn kan nínú wọn ń gba owó ẹ̀yìn, n kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ó mọ ilé, ilé sì mọ̀ ọ́n. Bí a bá jí iṣẹ́ yìí dìde, tí a fi kún un pé kó máa wo gọ́tà, kó máa wo ògiri tó là, kó máa wo sílíńdà gáàsì tí wọ́n tò sí abẹ́ àtẹ̀gùn, kó sì máa kọ ọ́ sínú ìwé tí alága lè ṣí ní àárọ̀ Ajé, káńsù yóò ti ṣe ju ohun tí àpò ìrẹsì ẹgbẹ̀rún lè ṣe lọ. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ iṣẹ́ ojoojúmọ́ nìyẹn.

4. Agbára láti sọ pé rárá

Mo dé ibi tó le. Iṣẹ́ tó ṣòro jù fún ìjọba tó sún mọ́ aráàlú ni kí ó sọ fún ará ibẹ̀ pé, “Má kọ́lé síbí.” Ìjọba tó wà ní Àbújá kò ní ìṣòro yìí, nítorí pé kò mọ ẹni tó ń kọ́lé. Káńsẹ́lọ̀ mọ̀ ọ́n. Ó lè jẹ́ àbúrò ìyá rẹ̀, tàbí ẹni tó gbé ìbò wọ́ọ̀dù fún un. Àwọn kan á fi èyí ṣe ẹ̀rí pé kò yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ sílẹ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n á tún fi kún un pé òfin ti gba àṣẹ náà lọ́wọ́ wọn. Òótọ́ wà nínú èyí: ní 2003, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá a pé ètò ìlú jẹ́ ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀, kì í ṣe ti ìjọba àpapọ̀, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì ti di gbogbo rẹ̀ mú ṣinṣin láìfi ohun tó pọ̀ sílẹ̀ fún káńsù.

Mo gbà pé àwòrán ilé ńlá nílò ẹnjiníà tí káńsù kékeré lè máà ní. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa bí ilé etí odò ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Kì í bẹ̀rẹ̀ ní ọ́fíìsì ìpínlẹ̀. Ó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ yanrìn kan tó já ẹrù sílẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Ẹni tó bá rí ọkọ̀ yanrìn náà ní ọjọ́ Sátidé lè dá iṣẹ́ dúró láìwó ilé kankan. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn ọdún méjì pẹ̀lú katapílà yóò bá ìdílé mẹ́fà nínú ilé náà, yóò sì bá ẹkún. Nítorí náà, bí òfin ìpínlẹ̀ bá di àṣẹ ìfọwọ́sí mú, kí ó fi àṣẹ ìdádúró sílẹ̀ fún káńsù. Èyí kò gba àtúnṣe òfin orílẹ̀-èdè. Ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ lè ṣe é.

Ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ níbì kan rí? Ó ti ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá 1954, ìjì Hazel dé ìlú Toronto ní Kánádà. Ènìyàn 81 ló kú ní agbègbè Ontario. Ní òpópónà kan ṣoṣo, Raymore Drive, odò Humber gbé ènìyàn tó lé ní ọgbọ̀n lọ láàárín òru kan. Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà ló jẹ́ ẹ̀kọ́. Wọn kò dá àwọn ènìyàn padà sí etí odò kí wọ́n wá fi kọnkéré ṣọ́ wọn. Wọ́n ra ilẹ̀ náà, wọ́n fòfin de kíkọ́ ilé sí àfonífojì odò, wọ́n sì sọ púpọ̀ nínú rẹ̀ di ọgbà ìgbafẹ́. Nígbà tí omi bá kún lónìí, koríko ló ń bá níbẹ̀. Mo mọ̀ pé owó Kánádà kì í ṣe owó Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ etí odò tí kò tíì ní ilé lórí ṣì wà ní Akínyẹlé, ní Ìdó, ní Ọ̀nà-Àrà, ní Lágelú. Láti pa irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ bó ṣe wà kò ná wa tó ohun tí yóò ná wa láti wó ilé orí rẹ̀ lọ́la.

5. Ìkìlọ̀ tó dé etí

Lọ́dọọdún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, àjọ NiMet tó ń rí sí ojú ọjọ́ máa ń sọ bí òjò yóò ṣe rí, àjọ tó ń rí sí omi odò a sì gbé ìwé jáde tó dárúkọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí omi lè yalé wọn. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n ń dárúkọ, torí pé òun ni wọ́n gbà pé yóò gbé ìgbésẹ̀. Láti Àbújá, ìwé náà a dé ìlú olú ìpínlẹ̀. Láti ibẹ̀, a di ìròyìn aago méje, a sì parí síbẹ̀. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ ní Odò-Ọ̀nà yóò gbọ́ pé omi yóò kún ní “àwọn ibi kan ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.” Kí ni kí ó fi ṣe?

Ìkìlọ̀ di ìkìlọ̀ nígbà tó bá ní orúkọ òpópónà, wákàtí, àti ibi tí a ó sá lọ. Ẹ̀rí tó lágbára jù tí mo mọ̀ lórí èyí wá láti Bangladesh. Ní oṣù Kọkànlá 1970, ìjì òkun kọlu etíkun ibẹ̀, ó kéré tán ó pa ẹgbẹ̀rún lọ́nà 300 ènìyàn. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan, ìjọba àti ẹgbẹ́ Red Crescent jọ ń ṣe é, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún olùyọ̀ǹda ní abúlé kọ̀ọ̀kan ti ń gbé gbohùngbohùn àti àsíá kiri láti sọ fún àwọn aládùúgbò wọn pé kí wọ́n lọ sí ilé ààbò. Nígbà tí ìjì Sidr, tó lágbára gidi, dé ní oṣù Kọkànlá 2007, iye òkú tí ìjọba kà kò tó 5,000. Ẹ̀mí 5,000 kì í ṣe nǹkan kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ fi wé 300,000. Òkun kan náà ni, tálákà ṣì ni púpọ̀ nínú wọn. Nítorí náà, nígbà tí ẹnìkan bá sọ fún mi pé omíyalé jẹ́ àmúwá Ọlọ́run, mi ò ní bá a jiyàn nípa òjò. N ó kàn bi í pé ta ló mú ìyàtọ̀ wá láàárín 1970 àti 2007?

Àwa náà ní ohun èlò ìkìlọ̀. Mọ́ṣáláṣí àdúgbò ní gbohùngbohùn, ṣọ́ọ̀ṣì ní agogo. Ìbàdàn ní Amúlùúdùn FM tó ń fi Yorùbá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́. Agboolé kọ̀ọ̀kan ní Mógàjí tó mọ ẹni tó sùn sí yàrá wo. Ẹgbẹ́ onílé wà, ẹgbẹ́ ọlọ́dẹ wà, àwọn awakọ̀ wà. Ohun tí kò sí ni àdéhùn láàárín káńsù àti wọn, tí a kọ sílẹ̀, tí a sì dán wò nínú ẹ̀ẹ̀rùn: ta ni yóò fi gbohùngbohùn kéde, ilé ìwé wo ni a ó ṣí, ta ló mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Kọ́kọ́rọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ ètò ń já sí. Ìwé lè sọ pé ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni ibi ààbò, kí ó sì jẹ́ pé ọ̀gá ilé ìwé náà ń gbé ní ìlú mìíràn.

6. Àwọn àtakò

Àtakò àkọ́kọ́ ni owó. Wọ́n ní káńsù kò ní owó, nítorí pé owó rẹ̀ ń wọ àpò àjọni pẹ̀lú ìpínlẹ̀, ohun tó bá kù ni wọ́n ń fún un. Ó rí bẹ́ẹ̀ fún ọdún pípẹ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá a pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ rẹ̀, pé kò bófin mu kí ìpínlẹ̀ máa dá a dúró. Ìdájọ́ yàtọ̀ sí ìmúṣẹ, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí mo béèrè láti ìbẹ̀rẹ̀: ìwé ilé, nọ́ńbà, wolé-wolé, òṣìṣẹ́ tó ń rìn ní etí odò, àdéhùn pẹ̀lú Mógàjí. Owó oṣù ènìyàn ni púpọ̀ nínú rẹ̀, káńsù sì ti ń san owó oṣù fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tí a kò mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Káńsù tó rí owó ra ẹ̀rọ ìlọta ogójì, tó sì rí owó ya fọ́tò alága pẹ̀lú ẹ̀rọ náà, rí owó ra ọ̀dà tí a ó fi kọ nọ́ńbà sára ògiri.

Àtakò kejì lágbára jù ú lọ. Odò kò mọ ààlà. Ìbàdàn ní ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá, márùn-ún nínú ìgboro, mẹ́fà ní ẹ̀yìn ìlú. Bí káńsù kan bá kó gọ́tà rẹ̀ dáadáa, omi rẹ̀ yóò sáré lọ bá káńsù ìsàlẹ̀ tí kò kó tirẹ̀, ó tiẹ̀ lè burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òótọ́ ni, òun sì ni ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi gbọ́dọ̀ dá a ṣe. Toronto tún wúlò fún wa níbí: ìgbìmọ̀ tó ra ilẹ̀ etí odò, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1957, jẹ́ ti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí odò ń gba àárín wọn kọjá. Odò ló pinnu ààlà ìgbìmọ̀ náà. Kò sí òfin Nàìjíríà tó ní kí àwọn káńsù tó pín Ògùnpa, Ọ̀nà tàbí Kúdẹtì má jókòó pọ̀, kí wọ́n dá owó jọ, kí wọ́n gba ẹnjiníà kan ṣoṣo fún odò kan.

Àtakò kẹta ni mo fi sẹ́yìn, nítorí pé òun ni n kò ní ìdáhùn tó rọrùn fún. Níbo ni kí tálákà tó ń gbé etí odò lọ? Bí a bá lé e, yóò lọ sí etí odò mìíràn, nítorí pé ibẹ̀ nìkan ni owó rẹ̀ ká. Ìjọba tó bá wó ilé láìṣètò ibòmíràn kò dín àjálù kù, ó kàn gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù míì. Mo gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ èyí. Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé kí a wá fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ yà á sọ́nà mẹ́ta. Ilẹ̀ tí kò tíì ní ilé lórí, kí a dáàbò bò ó lónìí, ẹnikẹ́ni kò ní sunkún. Ilé tó ti wà ṣùgbọ́n tí omi kì í sábà dé, kí a kọ̀ fún onílé láti fi yàrá kún un, kí ó sì wà lára àwọn tí ìkìlọ̀ yóò kọ́kọ́ dé. Ilé tó jókòó sí inú ọ̀nà omi gan-an ni kí a fi owó sí. Níbẹ̀, kí a ya onílé sọ́tọ̀ kúrò lára ayálégbé. Onílé ló kọ́ ilé sí ọ̀nà omi, òun ló sì ti ń gba owó láti ọjọ́ yìí. Ayálégbé kò yan nǹkan kan àfi yàrá tí owó rẹ̀ ká. Bí owó gbà-máà-bínú bá wà, ẹni tí ó yẹ kó kọ́kọ́ kàn ni ayálégbé, kí ó lè san owó ilé ọdún kan ní orí òkè, kí ó tó kan onílé.

Wọ́n á ní orúkọ àwọn ayálégbé náà ńkọ́, ṣé kì í ṣe àwọn ọmọ alága ni yóò kún inú ìwé náà? Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kí ó tó di oṣù Kẹrin ọdún kọ̀ọ̀kan, kí òjò tó wọlé, kí káńsù lẹ ìwé náà mọ́ ògiri ọ́fíìsì rẹ̀ àti mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìwé tó sún mọ́ odò: òpópónà, nọ́ńbà ilé, iye ènìyàn inú rẹ̀, orúkọ ayálégbé. Àwọn ará àdúgbò yóò kà á. Bí wọ́n bá rí orúkọ ẹni tí kò gbé ibẹ̀, wọn kò ní dákẹ́. Bí wọ́n bá rí ilé tí a fò dá, onílé rẹ̀ yóò wá sí káńsù láti béèrè ìdí, akọ̀wé yóò sì ní láti fún un ní èsì lójú gbogbo ènìyàn.